Àwọn Ìlà Tí Ẹ̀rọ Fò

Ọmọbìnrin náà gbé kúlà aláwọ̀ búlúù lérí, ó wọ kóòtù funfun lé híjáàbù, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin Ọ̀yìngbò bọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán bí ẹni tí gbogbo ayé ń dúró dè. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó fi ọwọ́ kan di kúlà mú, ó ń fi èkejì la ọ̀nà láàárín èrò. Teslim ti ń wá nǹkan tútù mu láti àárọ̀. Bó ṣe rí i, ọkàn rẹ̀ fà sí i fún ìdí méjì: òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ọmọ náà sì rẹwà.

"Àǹtí oní-mínírà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní tútù kan!"

Ọmọbìnrin náà ò dáhùn. Ó ti gbé kúlà sínú kẹ̀kẹ́ Máruwá kan, ó fẹ́ wọlé. Teslim sáré bá a, ó na owó sí i.

"Àǹtí, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Kì í ṣe mínírà," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. "Ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe já lẹ́nu Teslim ló mọ̀ pé òun ti ṣe aṣemáṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Ọ̀yìngbò, ẹ mọ ohun tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀. Onímáruwá fò bọ́ sílẹ̀ kíákíá.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Gbé e jáde! Mi ò gbé ẹ̀jẹ̀ èèyàn kiri o!"

Èrò ti ń pé. Ọmọbìnrin náà fa káàdì rẹ̀ yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń dúró dè." Bàbá kan tó ń ta bẹ́líìtì gba káàdì náà, ó kà á, ó sì ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Àmọ́ onímáruwá ti wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin náà kọjú sí Teslim. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Ṣé mínírà yẹn ti tutù tó báyìí?"

Teslim tẹ̀ síwájú. Ó gbé kúlà náà lé orí ara rẹ̀, ó sì sáré. Ó gba odindi kẹ̀kẹ́ mìíràn, nígbà tí awakọ̀ sì bi í pé kí ló gbé, ó ní ẹja tútù ni. Ọmọbìnrin náà wọlé tẹ̀lé e, ó kọjú síta títí wọ́n fi dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ó gba kúlà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu géètì ọsibítù, ó sì wọlé.

Nígbà tó jáde níkẹyìn, Teslim ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn.

"O ò tíì lọ?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ara obìnrin yẹn ti yá."

Ó wò ó dáadáa, ó ṣe bí ẹni tí kò tíì rí i rí. "Ó ti ń sọ̀rọ̀," ló wí. "Saidat ni wọ́n ń pè mí."

Saidat ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù kékeré yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Quadri, ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ibi tó sì ti ń dúró de ẹ̀jẹ̀ ló kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ńlá kan. Láti ìgbà náà ni Saidat ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà, tó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí òun lè pè wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ bí ọjọ́ bá pé. Ẹni tó bá gbà, Saidat á tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù: orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀, àdírẹ́sì, nọ́ńbà, kọ́mà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí aláìsàn bá wá dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá a mu láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Teslim ń ṣe ní tirẹ̀. Ó ń kọ kóòdù fún ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Sábó, ní Yábàá. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn wọra, tó rí bí Saidat ṣe ń fi ìka wá ẹ̀jẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Oní-mínírà mi, ìka yìí á bó kó tó dọdún."

"Aláriwo, tó o bá mọ ọgbọ́n kan, dá a. Má fi mí ṣẹ̀sín."

"Gbé fáìlì yẹn wá. Kọ̀ǹpútà á kà á lẹ́ẹ̀kan, á tò ó sórí ara ẹ̀ bíi tábìlì, orúkọ lábẹ́ orúkọ, ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti wà lórí ẹ̀, kò sí pé à ń wá nǹkan kan mọ́. O béèrè, ó dáhùn."

"Báwo ló ṣe máa mọ ibi tí orúkọ parí?"

"Kọ́mà ni. Gbogbo ibi tó bá ti rí kọ́mà, ògiri ni lójú ẹ̀. Yàrá kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Saidat gbé fáìlì náà wá sí Sábó. Ojú rẹ̀ ò rọgbọ. Wọ́n ti gbé ọmọ kékeré kan dé ọsibítù, irú àrùn tó pa Quadri ló ń ṣe é, wọ́n sì ń wá ẹ̀jẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn àga Teslim. Teslim ní kí kọ̀ǹpútà ka fáìlì, kọ̀ǹpútà kà á dé ibì kan, ó dúró, ó sì kọ ọ́ sójú ìwòran pé àyè mẹ́rin ni òun ń retí, márùn-ún lòun rí ní ìlà kan.

"Kí ló ń sọ?"

"Kò sí nǹkan. Àwọn ìlà kan ni kò yé e."

Ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Teslim fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún kóòdù náà, èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó fo ìlàkílà tí kò bá yé e, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ gbọ́ràn. Tábìlì náà yọ, ó tò létolétò, ó ń dán wò lójú. Saidat béèrè irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, orúkọ bí mélòó kan sì jáde lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, ọmọ ti rí ẹ̀jẹ̀ gbà.

Inú Saidat dùn débi pé ó sunkún. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí àwọn ìlà yẹn wọlẹ̀ sí.

Àtìgbà náà ni ìfẹ́ wọn ti gbilẹ̀. Teslim á wá láti Sábó lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á jọ rìn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá Saidat. Wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á sì dákẹ́, ìdákẹ́ náà á sì tù wọ́n lára. Saidat sọ nípa Quadri fún un, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: bó ṣe máa ń kọrin nígbà tí egungun bá ń ro ó, kí ìyá wọn má bàa mọ̀. Teslim di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyẹn ni Saidat fẹ́.

Ìyá Saidat, Alhaja Fàósátù, ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọ̀yìngbò. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Nígbà tí Teslim wá kí i, ó bi í ní ìlú rẹ̀, Teslim ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó bi í ní iṣẹ́ rẹ̀, Teslim sọ ọ́ wéré, ó fi ìròyìn rẹ̀ kún un. Lẹ́yìn tó lọ, Alhaja ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ó kàn ń yára jù."

"Ara ẹ̀ ló yá, Mọ́mì."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn."

Síbẹ̀, ó gbà. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àwọn àgbà sì ti ń múra láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà ni Jael wá bímọ. Aránṣọ ni Jael, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí ọsibítù, òun ló sì rán kóòtù funfun Saidat. Ọmọkùnrin ló bí, wẹ́rẹ́ ló sì bí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò dá. Irú ẹ̀jẹ̀ Jael ṣọ̀wọ́n, ọ̀kan lára àwọn tí kì í gba ti ẹlòmíràn. Saidat béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní kò sí. Ó tún béèrè. Kò sí náà ni.

Wọ́n ránṣẹ́ kọjá afárá lọ sí Erékùṣù. Kí ẹ̀jẹ̀ tó dé, dókítà ti rí i pé bí òun ò bá yọ ilé ọmọ Jael kúrò, yóò kú. Ó yọ ọ́. Àwọn àgbà a máa ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ti Jael yìí, omi ò dànù, agbè ló fọ́. Ọmọ àkọ́kọ́ rẹ̀ náà ni yóò jẹ́ àbígbẹ̀yìn.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí Sylvester, káfíńtà òpópónà kejì, fi wọ ọsibítù, inú ń bí i.

"Àǹtí Saidat, ṣé èmi àti yín jà ni? Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ẹ ní ó ṣọ̀wọ́n, ẹ ní ẹ máa pè mí. Obìnrin ń kú lọ lẹ́yìn ilé mi, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò pè mí!"

Saidat wo fóònù rẹ̀, níbi tí fáìlì àtijọ́ ṣì wà. Orúkọ Sylvester wà níbẹ̀. Ó wo tábìlì Teslim. Sylvester ò sí níbẹ̀. Ó tẹ Teslim láago.

Teslim dé, ó ṣí kóòdù rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi rí i. Ní iléèwé, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa láti máa kọ àdírẹ́sì ni nọ́ńbà ilé, kọ́mà, orúkọ òpópónà. Sylvester sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Saidat sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀: 14, Òpópónà Akérédolú. Kọ́mà kan ti lé, àyè mẹ́rin di márùn-ún, ẹ̀rọ sì fò ó. Àwọn tó kàn dárúkọ àdúgbò wọn lásán ni ẹ̀rọ gbà wọlé. Àwọn tó fara balẹ̀ kọ àdírẹ́sì wọn pé, gbogbo wọn ni wọ́n sọnù.

"Saidat," ló wí. "Èmi ni. Mo ní kó fò wọ́n."

"O mọ̀ pé èèyàn ni?"

"Mo rò pé ìlà ni."

Saidat ò pariwo. Ì bá sàn fún Teslim ká ní ó pariwo. "Ẹ̀jẹ̀ ò dé fún ẹ̀gbọ́n mi, ó kú. Mo wá gbé iṣẹ́ yìí lé ẹ lọ́wọ́. Máa lọ, Teslim. Jọ̀ọ́, máa lọ."

Nígbà tí Alhaja gbọ́, ó tẹ àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ láago, ó ní kí wọ́n má ì wá ná. Kò ṣàlàyé. Teslim ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Bright, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, fẹ́ tù ú nínú. "Ọ̀gbẹ́ni, tún kóòdù ẹ ṣe, kó o gbé ẹnu ẹ dákẹ́. Ìyá ọmọ yẹn gan-an ò mọ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún un?"

Teslim tún kóòdù náà ṣe. Ó ṣe é débi pé bí ìlà kan ṣoṣo ò bá yé ẹ̀rọ, yóò dúró, yóò sì kígbe. Ó pe ẹni kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ fò lórí fóònù, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ó sì dá wọn padà sáyè wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bright ò kúrò lọ́kàn rẹ̀: ta ló fẹ́ sọ fún un? Ẹ̀rù ń bà á. Ọkọ Jael lè lù ú, wọ́n lè pe ọlọ́pàá. Gbogbo rẹ̀ ló rò, ó sì dìde lọ sílé Jael.

Ọláṣùpọ̀, ọkọ Jael, ló ṣílẹ̀kùn. Jael jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i. Teslim kúnlẹ̀, kò tilẹ̀ rò pé ìdọ̀bálẹ̀ ló yẹ ọkùnrin.

"Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ nílò wà lẹ́yìn ilé yín níbí. Èmi ni mo kọ ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Mo kánjú, mo fo orúkọ ẹni tó ní in. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ọláṣùpọ̀ fẹ́ rọ́ lù ú. Jael ló na ọwọ́ dá a dúró. Ojú Teslim nìkan ló ń wò.

"Ẹ tún un sọ," ni Jael wí.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ tún un sọ, kí Mọ́mì gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti délé ni wọ́n ti ń sọ pé oyún tí mo ṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọge ló ń jà. Mi ò ṣẹ́yún rí láyé mi. Àmọ́ mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo dá." Omijé ń bọ́ sórí ọmọ. "Ẹ sọ fún wọn."

Teslim yí orúnkún rẹ̀ sí ìyá àgbà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ìyá náà yíjú kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Jael, ó ní, "Sùn díẹ̀, ìyàwó mi." Ọláṣùpọ̀ sin Teslim dé ẹnu ọ̀nà. Kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sì lù ú.

"Mi ò tíì lè dárí jì ẹ́," ló wí.

"Mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe é, sà."

Jael fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún Saidat nígbà tó wá tún ojú ọgbẹ́ rẹ̀ wẹ̀. Saidat ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, Teslim ò rán Jael níṣẹ́, kò sì fi tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Saidat délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe jọ ń ṣa ẹja. Ọwọ́ Alhaja dúró.

"Ó lọ bá wọn nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

Alhaja nu ọwọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ tí Quadri kú, mo bi gbogbo wọn léèrè. Nọ́ọ̀sì ní dókítà ló mọ̀. Dókítà ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí ló mọ̀. Àwọn yẹn ní àwọn ti fi ránṣẹ́. Títí dòní, kò sẹ́ni tó jókòó síwájú mi kó ní, 'Ìyá, èmi ni.' Wọ́n ní kí n dárí jì. Mo fi ẹnu sọ pé mo ti dárí jì. Ṣùgbọ́n ta ni mo dárí jì, Saidat? Mi ò mọ ojú ẹnì kankan."

Ó sunkún. Saidat ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó dì mọ́ ọn, òórùn ẹja àti omijé sì dàpọ̀ mọ́ra wọn lára.

"Ọmọ yìí gbé ojú ẹ̀ wá," ni Alhaja wí nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán. "Mi ò ní kó o fẹ́ ẹ. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Ní ọjọ́ kejì, Saidat lọ sí Sábó. Ó bá Teslim lórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti rù. Saidat jókòó tì í, wọn ò sì wo ojú ara wọn.

"Mo dúró lẹ́yìn ẹ lọ́jọ́ yẹn," ni Saidat wí. "Mo gbọ́ nígbà tó o ní àwọn ìlà kan ò yé e. Mi ò béèrè. Èmi náà kánjú."

"Má bá mi pín in. Iṣẹ́ mi ni."

"Ṣé o lè ṣèlérí pé irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́?"

Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Teslim tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ì bá ti sọ ọ́. Ó mi orí. "Rárá. Mo lè máa rọra ṣe, àmọ́ mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní ṣàṣìṣe mọ́. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé tí mo bá ṣe é, ẹnu mi lo ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Saidat gbé orí lé èjìká rẹ̀. Ìfẹ́ ọkùnrin náà ò fìgbà kankan kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀nà tí yóò gbà padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láìtan ara rẹ̀ jẹ ni kò rí.

"Aláriwo," ló pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Olùfẹ́ mi."

"Ní káwọn àgbà yín máa bọ̀."

Wọ́n so yìgì ní pálọ̀ Alhaja Fàósátù, láìsí ìlù, láìsí àsè ńlá. Àáfáà ka tirẹ̀, ó bi ọkọ, ọkọ dáhùn. Ó wá kọjú sí ìyàwó tó bo ojú rẹ̀. Ó bi í bóyá ó gba Teslim lọ́kọ, kò sì dúró de èsì, torí pé bí àṣà ṣe wí nìyẹn: ojú ń ti ìyàwó, bó bá ti dákẹ́, ó ti gbà.

"Ó dákẹ́, ó ti yọ̀ǹda," ni Àáfáà wí, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúà.

"Ẹ dúró, Àáfáà."

Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti ń tún agbádá rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde. Saidat ká ìbòjú rẹ̀ sókè, ó sì wo Teslim lójú níṣojú gbogbo wọn.

"Ẹ má sọ pé mo dákẹ́. Mo mọ ohun tó ṣe. Mo mọ gbogbo ẹ̀, kò sí èyí tó fi pa mọ́ fún mi. Mo gbà á."